Ènì Baba Ẹlẹ́pà

Dọ́là márùndínlógójì ni Baba Ẹlẹ́pà ń ta àpò ẹ̀pà tútù fún mi ní oko rẹ̀ lẹ́yìn Hampton, ní Georgia l'Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn yòókù ń rà á ní ogójì. Mo rò pé ẹnu mi ló dùn. Àṣé nígbà tí bàbá òyìnbó náà gbọ́ ibi tí mo ti ń se ẹ̀pà tà ní Lithonia ló dín in kù. Bí mo ṣe ń gbé àpò sínú ọkọ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì kan wà nílé ìwòsàn òdìkejì ọ̀dọ̀ rẹ. Ọmọ mi ni. Máa fún un ní abọ́ kan ní Sátidé. Má sọ pé èmi ni." Dọ́là márùn-ún ni mo ń ta abọ́ kan. Ẹnu mi ò jèrè kọ́bọ̀!

Ìbò ààrẹ ló ya Baba àti ọmọ rẹ̀. Georgia, tó ti pẹ́ lẹ́yìn ẹgbẹ́ erin, ìyẹn Republican, ṣàdédé bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìyẹn Democrat. Baba jẹ́ ti erin, ọmọ jẹ́ ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ burúkú síra wọn nídìí tábìlì oúnjẹ, ọmọ ò sì padà wá mọ́. Nílé wa, olóṣèlú ń pààrọ̀ ẹgbẹ́ bí ẹní pààrọ̀ ṣòkòtò, nítorí náà ẹ̀rín ni mo fi gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi òsì fà á mọ́ra. Abọ́ ẹ̀pà ni ọwọ́ òsì Baba. Ọmọ náà sì rò pé ènì tèmi ni.

Lọ́jọ́ kan tí èmi àti Baba jókòó sórí àga níwájú ilé rẹ̀, tí a ń ṣa ẹ̀pà, Baba ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni bàbá òun àgbà, bíi gbogbo àgbẹ̀ òyìnbó Gúúsù ìgbà náà; aládùúgbò kan dìbò fún erin, bàbá àgbà sì dí ọ̀nà oko mọ́ ọn. Nígbà tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá ń gbè sẹ́yìn àwa dúdú, àwọn àgbẹ̀ ya lọ sọ́dọ̀ erin. Ẹ̀pà ló ń wò bó ṣe ń sọ ìyẹn.

Mo ní, "Baba, a jẹ́ pé bàbá yín àgbà ló padà wá sáyé, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì."

"Bàbá mi àgbà? Kò ní jẹ́ kí o jókòó sórí àga yẹn!"

"Ohun tó fi padà wá nìyẹn. Ó wá tún un ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní, "Sọ fún un pé kó wá jẹun."

Mo jíṣẹ́. Ìbò ààrẹ mìíràn ti ń bọ̀. Ọmọ náà, tí àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà ti kọ́ láti máa pè mí ní Aunty, ní, "Aunty, ẹ ní kó di ẹ̀yìn ìbò. Tí mo bá lọ báyìí, a máa tún jà."

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìbò ni Baba ṣubú lóko, tí kò dìde mọ́. Georgia padà sọ́dọ̀ erin. Baba kò sí níbẹ̀ láti yọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, ọmọ náà wá. Mo gbé abọ́ fún un, mo sì sọ ẹni tó ń san owó rẹ̀. Ó dúró, ó bó ẹ̀pà kan, kò lè jẹ ẹ́. Ó wá ṣí báàgì rẹ̀. Mo ní rárá.

"Aunty, ẹ gbà á. Ẹni tó ń san án ti lọ."

Ogójì ni èmi náà ń ra àpò báyìí. Tí tẹlifíṣọ̀n bá ń pariwo pé ẹgbẹ́ wo ló ni Georgia, mo máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Georgia lọ, ó bọ̀; ó ṣì tún máa lọ. Bí Baba bá tilẹ̀ padà wá sáyé, kì í ṣe ìdí tábìlì oúnjẹ tó pe ọmọ rẹ̀ sí ni yóò jókòó sí. N kò ná owó ọmọ rẹ̀. Ó ṣì wà nínú àpò mi: dọ́là márùn-ún.