Ihò Ara Ògiri Tí Mo Ní Kí Wọ́n Dí

Bí ẹ bá fẹ́ wọ ilé ìkàwé ìlú wa ní Ìsẹ́yìn lónìí, ẹ fọwọ́ bo imú. Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, débi pé Ìyá Láíbìrì ni ará ìlú ń pè mí, n kò sì gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀ rí. Òórùn ìwé tó bu, òórùn bàtà àti òógùn, gbogbo rẹ̀ há mọ́ inú ilé tí wọ́n láwọn tún ṣe kó má baà jẹ iná púpọ̀. Kò kúkú jẹ iná. Ta ló fẹ́ jókòó síbẹ̀ tí yóò tan iná?

Ilé náà kò bẹ ẹnikẹ́ni kó tún òun ṣe. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni wọ́n kọ́ ọ, òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó yọ síta dáadáa, ògiri méjì tó kọjú síra wọn sì jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò láti ìsàlẹ̀ dókè. Atẹ́gùn á gba ti ìlà oòrùn wọlé, á gba ti ìwọ̀ oòrùn jáde. Nínú ooru oṣù kẹta, ẹ lè jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́ láìsí fáànù. Ìjọba fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ogún ìlú ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ìrísí rẹ̀ padà. Ìwé náà wà lára ògiri ọ́fíìsì mi.

Ọyẹ́ nìkan ni wàhálà wa. Tó bá ti dé, eruku á gba ihò wọlé, á bo gbogbo ìwé. Ṣùgbọ́n a ní bí a ṣe ń ṣe é. A ó so ẹní bo ihò ìlà oòrùn, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, a ó ká a kúrò. Bàbá arúgbó kan tó ń hun aṣọ òkè ládùúgbò wa ló ń bá mi so ẹní náà lọ́dọọdún. Nígbà èwe rẹ̀, òun wà lára àwọn tó pọn omi tí wọ́n fi mọ búlọ́ọ̀kù náà. Èémí rẹ̀ kò dáa mọ́, ooru kì í bá a lára mu, nítorí náà ọ̀dọ̀ wa ló ti ń ka ìwé ìròyìn láràárọ̀, kó tó lọ kírun ọ̀sán. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ìyá Láíbìrì, má jẹ́ kí ẹní yìí pẹ́ lára ògiri o. Ilé náà ń mí."

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, ọyẹ́ mú burúkú, ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé láti Ìbàdàn, wọ́n ní owó àtúnṣe ti wà, wọ́n sì bi wá pé kí ni ń yọ wá lẹ́nu. Mo fìbínú mú bíírò, mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ihò ara ògiri ni, kí wọ́n bá wa dí i. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, mo mọ òwe náà dáadáa. Mo sì buwọ́ lù ú.

Wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ihò pátá. Wọ́n fi gíláàsì tí kò ṣeé ṣí sójú fèrèsé, wọ́n gbé ẹ́sì amúlétutù kọ́ ògiri, wọ́n to sólà sórí òrùlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, àwọn èèyàn ńlá jẹ ẹran díndín lórí tábìlì ìkàwé, wọ́n ń fi ọwọ́ ọlọ́ràá ṣí ìwé wò. Wọ́n ní ilé náà yóò máa tutù láìná owó. Ilé tó ti ń tutù kí wọ́n tó bí wọn. Èmi ni mo ṣa eegun láàárín ìwé atúmọ̀ èdè.

Oṣù kẹta dé, sólà kò gbé ẹ́sì, bátìrì wú. Àwọn òǹkàwé sá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a níbi tó gbórí lé tábìlì, òógùn bò ó, èémí rẹ̀ ń há. A gbé e jáde sábẹ́ igi dóńgóyárò, mo ń fi ìwé ìròyìn tó ń kà lọ́wọ́ fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi là.

Lọ́jọ́ kejì, mo ká ìwé ogún ìlú yẹn dání, mo forí lé Ìbàdàn. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà tí mo bá níbẹ̀ kò bá mi jiyàn. Ó ṣí fáìlì, ó yí lẹ́tà kan sí mi. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́, mà," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà rí mi lára. Ìkọ̀wé ara mi tó wà níbẹ̀ rí mi lára jù ú lọ.

Nígbà tí mo padà dé, bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta. Ó bi mí bóyá wọ́n sọ ẹni tó ní kí wọ́n dí i.

Mo ní, "Bàbá, èmi ni. Nígbà ọyẹ́ ni."

Ó ní, "Ẹní tí mo máa ń bá ọ so ńkọ́?"

Mo sọ òótọ́ fún un. Lọ́jọ́ tí sìmẹ́ńtì gbẹ, mo dáná sun gbogbo wọn, inú mi sì dùn.

Ó ká ìwé ìròyìn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó lọ sílé. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń gbé ìwé ìròyìn lọ bá a láràárọ̀. Ó ń gbà á, ó sì ń dúpẹ́. Kì í ní kí n jókòó.