Orí Tí Wọ́n Fá Dé Ìdajì

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò balẹ̀ sórí ahun, kò balẹ̀ sórí ọba. Orí bàbá yín àgbà ló balẹ̀ sí, ìdajì orí náà ni wọ́n sì fá.

Télọ̀ ni ọkọ mi. Nígbà ọ̀dọ́, ẹ̀yìn ló ń gbá nínú bọ́ọ̀lù. Ọ̀rẹ́ ẹ̀, onígbàjámọ̀, ń gbá iwájú nínú ẹgbẹ́ kan náà. Wọ́n dé àṣekágbá, góòlù ẹyọ kan ni wọ́n fi nà wọ́n. Ife lọ, ìjà kù.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, abẹ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti fá apá ọ̀tún orí ọkọ mi tán.

"Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn lẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Ẹ̀yin ará iwájú ńkọ́? Nílé bàbá ta ni wọ́n ti ń fi òdo gba ife?"

"Ká ní ẹ dí i ni, à bá ṣì máa gbá a lọ."

"À bá máa gbá a lọ dòní, torí ìwọ ò ní jẹ góòlù láéláé!"

Ni ọkọ mi bá dìde, ó gbé ìdajì orí bọ́ sígboro. Mo ní kó jẹ́ kí n fá ìyókù. Ó kọ̀. "Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni yóò parí ẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀ mí."

Ṣòkòtò tí onígbàjámọ̀ fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi rán iwájú, ó kan bọ́tìnnì, ó lọ̀ ọ́ dáadáa. Kò sí ìdí níbẹ̀.

"Ẹ̀yìn ṣòkòtò mi dà?"

"Ṣebí ẹ̀yìn ló máa ń ba nǹkan jẹ́? Mo ti bá ẹ yọ ọ́."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó mú abẹ wá, ó fá orí. Ọkọ mi rán ìdí. Kí onígbàjámọ̀ tó fi abẹ sápò, ìjà ti tún bẹ̀rẹ̀.

Bọ́tìnnì oníbàárà ni ọkọ mi fi ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù náà lórí tábìlì. Obìnrin kan gba bùláòsì ẹ̀, bọ́tìnnì kan ò sí. "Ẹ ní sùúrù, màmá," ọkọ mi ní, "gólí wa nìyẹn, mi ò tíì rẹ́ni rọ́pò ẹ̀."

Nígbà tí ọkọ mi kú, a fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Onígbàjámọ̀ wá jókòó tì í, ó dorí kodò.

"Ìyàwó wa, mo gbà. Ẹ̀bi àwa ará iwájú ni."

Mo wò ó. Bí ìjà yìí bá parí, kí ni yóò tún máa gbé ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí wọlé wa? Ta ni yóò tún máa dárúkọ ọkọ mi bí ẹni pé ó wà ní yàrá kejì?

"Ó tì o, ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Ẹ̀bi ẹ̀yìn ni. Ọkọ mi ló fẹsẹ̀ falẹ̀."

Ó fò dìde. "Ọ̀rẹ́ mi kẹ̀? Kí lo mọ̀ nínú bọ́ọ̀lù?" Ló bá da bọ́tìnnì sórí tábìlì.

Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ kan kì í lọ kó má wá. Èmi náà ò sì gbà fún un.

Ẹ gbọ́, òun ló ń kanlẹ̀kùn yẹn. Ó yá, ẹ lọ sùn. Ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì dúdú tó wà létí tábìlì o. Bàbá yín àgbà nìyẹn, ó ṣì ń ṣọ́ ẹ̀yìn.