Àjẹ́lẹ̀ Tó Ń Ṣiṣẹ́ Káfíńtà ní Mówè

Fíìmù mọ́kànlá ni Adépọ̀jù káfíńtà ti ṣe, mọ́kànlá náà ló ti jẹ́ àjẹ́lẹ̀ tí ìjọba òyìnbó rán wá jẹ gàba lé wa lórí. Àfín ni, ohun tí àwọn onífíìmù rí lára rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe bàbá ìyàwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n rẹ́rìn-ín ni. Bẹ́ẹ̀ ọmọ mẹ́rin ló wà nílé rẹ̀!

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ya fíìmù kan lórí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ rà ní Mówè. Bàbá Mùsáfírù, olórí ẹbí tó ta ilẹ̀ náà fún un, ni wọ́n ní kó ṣe olóyè, torí ó ní agbádá tirẹ̀. Nínú eré, àjẹ́lẹ̀ fi ìwé gbé ilẹ̀ náà fún olóyè. Wọ́n ní kí Adépọ̀jù buwọ́ lù ú. Ojúlówó ìbuwọ́lù tó ń lò ní báńkì ni ọkùnrin yìí fi sí i!

Kò pé oṣù kan tí Bàbá Mùsáfírù fi já bulọ́ọ̀kù sórí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé iwájú baálẹ̀. Adépọ̀jù mú rìsíìtì jáde. Bàbá Mùsáfírù mú ìwé fíìmù jáde, ó sì tan fíìmù náà lórí fóònù.

“Ṣé ìwọ kọ́ lo buwọ́ lù ú ni?” baálẹ̀ bi Adépọ̀jù.

“Bàbá, eré ni!”

“Bébà tó kéré sí èyí ni àwọn òyìnbó fi gba ilẹ̀ bàbá bàbá mi.”

Inú bí Adépọ̀jù débi pé ó fò dìde. Ó fi imú sọ gẹ̀ẹ́sì tó máa ń sọ nínú fíìmù, ó ní òun fagi lé ìwé náà lórúkọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá Mùsáfírù ṣí fìlà, ó ní, “Yẹ́sà!”

“Ó parí,” ni baálẹ̀ wí. “Ẹ kọ ọ́ pé a dá ilẹ̀ padà fún àjẹ́lẹ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, Adépọ̀jù ni kẹ́ ẹ kọ.”

“Adépọ̀jù ti jẹ̀bi. Àjẹ́lẹ̀ ló jàre. Tí iṣẹ́ ìjọba bá ti parí, tó wọkọ̀ padà sílé nílùú òyìnbó, ẹbí á gba ilẹ̀ wọn.”

Adépọ̀jù ti kọ́lé sórí ilẹ̀ náà báyìí, ó sì ń gbé inú rẹ̀. Àmọ́ bí ó bá ń kan fèrèsé lọ́wọ́, àwọn ọmọ Bàbá Mùsáfírù á yà, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ohun tí wọ́n ń bi í máa ń dùn ún dé ọkàn, torí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń béèrè:

“Sà, ìgbà wo lẹ̀ ń padà sílé?”