Ewé Tí Ọmọ Mi Dì Sọ́wọ́

Bí wọ́n bá bu omi sórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí òórùn rẹ̀ ta sí mi nímú, pálọ̀ wa ní Kasarawa lọ́dún yẹn ni ọkàn mi máa ń sáré lọ. Ìwọ náà mọ ooru Sókótó nígbà tí òjò kò tíì dé: ògiri á gbóná débi pé o kò ní lè fẹ̀yìn tì í, eruku á wọ inú àpótí aṣọ tí o tì pa. Nínú ooru yẹn ni mo ti ń bomi rin ewé mẹ́ta nínú ilé láràárọ̀, òórùn ilẹ̀ tútù á gba gbogbo pálọ̀ bí ẹni pé òjò wá kí èmi nìkan. Inú mi máa ń dùn sí i. N kò mọ̀ pé wàhálà ni mò ń bomi rin.

Kí n tó sọ ti ewé, jẹ́ kí n sọ ti ọmọ. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́rin nígbà náà. Lọ́dún tó ṣáájú, àrùn yírùnyírùn, tí àwọn ará ibí ń pè ní sankarau, ti mú un. Ọlọ́run dá a sí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì kò bá a bọ̀ wálé láti ọsibítù. Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku igbe nìkan. Kì í sì í sùn. Bí mo bá tẹ́ ẹ, á lajú sílẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ìyá Hausa kan tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa, tí gbogbo wa ń pè ní Hajiya, ló gbé ọmọ ológbò kan wá lọ́jọ́ kan pé kó máa bá a ṣeré. Ọmọ mi gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lára, ológbò náà ń kùn, mo sì rí i tí ojú ọmọ mi yí padà. Kò gbọ́ ọ, àmọ́ ó ń gbọ̀n wọ inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó sun oorun wákàtí mẹ́ta lọ́sàn-án yẹn. Mo jókòó tì wọ́n, mo sunkún tẹ́rùn. Láti ọjọ́ náà, bí ológbò kò bá sí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, oorun kò sí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ: á fi ìka méjì fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ síta, bí irùngbọ̀n ológbò. Orúkọ yẹn ni gbogbo wa ń fi pè é.

Ewé ńkọ́? Ìtìjú ni, bí n kò bá ní purọ́ fún ọ. Irun ni mò ń ṣe ní Sama Road, àwọn oníbàárà mi a sì máa fi pálọ̀ ọlọ́pálọ̀ hàn mí lórí fóònù: àga funfun, ewé gbọọrọ nínú ìkòkò dúdú. Pálọ̀ tèmi ń rùn ti oògùn àti káńfọ̀. Bí àlejò bá wọlé, ọmọ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní "Allah ya sawwaƙe", kí Ọlọ́run mú un rọrùn, bí ẹni tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan mìíràn wò. Mo lọ bá ọkùnrin tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, mo ní kó fún mi ní èyí tó gbáfẹ́ jù. Ó kó mẹ́ta fún mi: ọ̀kan fẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n wọ́n ẹfun sí i lára, ọ̀kan ń fà bí okùn, ọ̀kan nàró bí idà. Ohun kan ṣoṣo ni mo bi í, ṣé wọ́n á lè fara da ooru.

"Màdáámù, wọ̀nyí le ju èmi lọ."

Bàbá ọmọ mi, tó ń ṣe búrẹ́dì, ti ibi iṣẹ́ dé, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó wo ewé, ó wo garawa. "Èmi tí mo ń dúró níwájú ààrò, o ní kí n fi omi díẹ̀ díẹ̀ wẹ̀. Igi wá ń wẹ̀ láràárọ̀?" Mo ní kó lọ dúró nínú ìkòkò, màá bomi rin òun náà. A rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín ní pálọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mò ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé nígbà tí ọmọ mi fa aṣọ mi. Ó pe orúkọ ológbò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì na ìkúùkù rẹ̀ sí mi lójú. Ọwọ́ náà dọ̀tí, itọ́ wà lára rẹ̀. Mo gbá a kúrò, mo nàka sí omi pé kó lọ fọ̀ ọ́. Ó tún nà án. Mo tún gbá a. Ó bú sẹ́kún, ó sì wọ́ mi wọlé.

Ológbò wà lábẹ́ àga, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, itọ́ ń ṣàn, ahọ́n rẹ̀ ti wú kọjá ẹnu, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú họ ọ́ bí ẹni fẹ́ fa nǹkan yọ. Mo ní ó ti jẹ eku tó jẹ májèlé. O mọ ohun tí àwa máa ń ṣe. Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá jẹ ohun tí kò dáa, epo pupa ni wọ́n á dà sí i lọ́fun. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi orúnkún di ológbò mú, mo ya ẹnu wíwú yẹn, mo da epo sí i, ṣíbí kan, ṣíbí kejì. Ó sín, ó húkọ́, epo gba imú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni mímí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí omi tó ń hó nísàlẹ̀ ìkòkò. Ọmọ mi gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ó dúró díẹ̀. Ó gbórí sókè, ó wò mí. Ọ̀rẹ́ mi, ojú yẹn dà bí ojú ẹni tí etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún di lẹ́ẹ̀kejì.

Igbe wa ló mú Hajiya wọlé. "Kí lo fún un?"

"Epo, mà."

"Subhanallahi. Ṣé o fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?" Àmọ́ ó ti ń tú ìborùn ara rẹ̀, ó fi wé ológbò, ó pe kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀pù. Oníkẹ̀kẹ́ ń kùn pé epo kò gbọdọ̀ kan àga òun. Hajiya sọ fún un pé bó bá pa ẹnu dé, kẹ̀kẹ́ á túbọ̀ sáré.

Dókítà ẹranko tí a bá, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Hausa ni. Ó gbóòórùn epo, ó wò mí. "Ẹ̀yin Yorùbá. Bí mọ́tò yín bá kọ̀, epo pupa náà lẹ máa dà sí i." Ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́ àyà ológbò, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. "Kí ló jẹ?"

N kò mọ̀. Ó ní bí òun kò bá mọ̀, òkò ni òun ń sọ sínú òkùnkùn.

Ìgbà yẹn ni ọmọ mi gbé ìkúùkù rẹ̀ lé orí tábìlì, ó sì ṣí i. Ègé ewé ni, ewé tó dà bí èyí tí wọ́n wọ́n ẹfun sí, ojú eyín ológbò wà lára rẹ̀. Láti ẹ̀yìn ilé ló ti dì í mú, nínú kẹ̀kẹ́ ó dì í mú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pọ́n, ó ti lé. Dókítà gbá ọwọ́ náà mú kíá. "Ṣé ó fi sẹ́nu?"

Mo yíjú láti bi í. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé n kò ní ọ̀nà tí mo lè gbà bi ọmọ mi bóyá ó jẹ nǹkan. Ọdún kan gbáko, "wá" àti "jókòó" àti "má ṣe é" nìkan ni mo ti kọ́ láti fi ọwọ́ sọ. Mo pariwo, "Ṣé o jẹ ẹ́?", bí ẹni pé ariwo á la etí rẹ̀. Gbogbo ilé yíjú sí wa. Ó kàn ń wo ẹnu mi. Mo mú ewé, mo nàka sí i, mo nàka sí ẹnu rẹ̀, mo ya ẹnu tèmi. Ó rò ó pẹ́. Ó mi orí pé rárá, ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pé ológbò ni, ó wá la ẹnu gbàgà kí n fi ojú ara mi wò ó. Ẹnu náà mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Dókítà fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fọ ẹnu ológbò, ó gún un lábẹ́rẹ́. Kò fi òótọ́ pa mọ́ fún mi. Ewé yẹn a máa ta ẹnu bí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Epo tí mo fi ipá dà sí i ló wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn ló ń ba òun lẹ́rù. A fi ológbò sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ mi ń lọ káàkiri ilé, ó ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé nǹkan. Ó gbé e lé àyà bàbá rẹ̀, ó kúrò. Ó gbé e lé firíìjì, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dijú. Iná lọ, firíìjì dákẹ́, ó tún lajú. Èmi ni mo fi ewé yẹn ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, èmi náà ni mo da epo. N kò lè wo òun àti bàbá rẹ̀ lójú.

Lọ́jọ́ karùn-ún, lẹ́yìn ìrun alásárì, a gbé ológbò wálé, ó rù, mímí rẹ̀ ṣì ń dún díẹ̀. Ọmọ mi tẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Gbogbo wa dúró, Hajiya lẹ́nu ọ̀nà, bàbá ọmọ lẹ́yìn mi. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ojú ọmọ mi pa dé, ó sùn lọ.

Mo kó ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dànù, torí nígbà tí mo ṣàpèjúwe wọn fún dókítà, ó ní kò sí èyí tó yẹ ilé ológbò nínú wọn, ó sì kọ orúkọ àwọn tó yẹ sórí ìwé. Nígbà tí mo mú ìwé náà lọ bá ọlọ́dòdó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Ẹ̀yin ni àbí ewúrẹ́?" Mo ní àwọn méjì wà nílé mi tí wọn kì í lè sọ pé nǹkan ń dun àwọn, àwọn ni mo wá ra ewé fún. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú ewé kọ̀ọ̀kan, kí n lè rí i láti ibi tí ojú àwọn méjèèjì mọ. Mo mú èyí tí wọ́n ń pè ní sipáídà, ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìlà funfun láàárín. Mo mú ọ̀pẹ kékeré kan tí ewé rẹ̀ ń mì lẹ̀lẹ̀. Mo mú ọ̀kan tó máa ń pa ewé rẹ̀ pọ̀ bí ilẹ̀ bá ń ṣú, bí ẹni tó ń ṣe àdúà. Mo tún mú ìkẹrin, àmọ́ ooru pa á kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Àwọn àlejò ń yìn wọ́n. Inú mi dùn, n kò ní sọ pé kò dùn. Àmọ́ nígbà tí mo rí obìnrin tó ń kọ́ àwọn adití ní èdè ọwọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ ní kó kọ́ mi ni bí wọ́n ṣe ń béèrè pé, "Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ?" Bí ọmọ mi bá di ìkúùkù wọ ṣọ́ọ̀bù báyìí, bí ọṣẹ tilẹ̀ wà lórí oníbàárà, màá ní kó fara dà á díẹ̀. Òkúta ni lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí ìdérí ìgò, tàbí òkú agbọ́n. Kó tó ṣí i, màá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá ti tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì sílẹ̀ dè é.