Igbá Fífọ́ Tí Mo Gbé Relé Ọkọ

Ìmọ́tótó àṣejù ló kó bá mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ èṣù ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Igbá ọlọ́mọrí kan wà nílé wa ní Ìgbẹ̀ìn, ti ìyá tó bí ìyá bàbá mi ni. Kò sí ọmọbìnrin tó ti ilé náà lọ sílé ọkọ tí igbá yìí kò ṣíwájú ẹrù rẹ̀. Iyọ̀, oyin, obì àti Bíbélì ìyàwó ni wọ́n máa ń kó sínú rẹ̀. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, ìyá ọkọ á kó ohun inú rẹ̀ jáde, á bu omi sí i, á fi fọ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n á dá a padà fún ìyá bàbá mi, òun á sì so ó rọ̀ sókè ààrò, kí èéfín máa yí i lára kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́.

Ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò nígbà tó kàn mí, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun àgbáyé kejì parí. Mo wò ó, mo ní ṣé ohun tí ìyá ọkọ mi máa kọ́kọ́ rí nìyí? Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó mi, ìyá bàbá mi lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Mo sọ igbá kalẹ̀, mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, mo fi ọṣẹ àti kànìnkànìn ha á títí ó fi mọ́. Mo wá gbé e sórí àpáta lẹ́yìnkùlé nínú oòrùn ọ̀sán kó lè tètè gbẹ. Igbá tó ti ń mu èéfín láti ayé àwọn ìyá ńlá! Inú ilé ni mo wà tí mo gbọ́ tó dún pá. Nígbà tí mo jáde, ó ti là láti ẹnu dé ìdí.

Ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó. Ọjọ́ Ajé ni àfẹ́sọ́nà mi máa wọ rélùwéè lọ Sáríà, níbi tí wọ́n gbé e lọ láti ṣe akọ̀wé. Ìyá bàbá mi sì ti sọ ọ́, kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ọmọbìnrin tí igbá yẹn kò bá ṣíwájú rẹ̀ kò ní ti ẹnu ọ̀nà òun jáde. Bí wọ́n bá sún ọjọ́ síwájú, ọkùnrin yẹn á lọ láìsí mi, ó sì lè pé ọdún kan kó tó gba ìsinmi.

Mo sáré lọ bá ìyá mi. Ó wo igbá, ó wò mí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń fẹ̀sọ̀ rìn níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Kò bá mi wí rárá, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó ní ọkùnrin kan ṣoṣo tó mọ igbá gán, tó ń fi ìko rán ibi tó là tí kò fi ní jò mọ́, ti lọ sóko, kò ní dé títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní ká pa ẹnu mọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyá bàbá mi lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Òkè-Ìlèwó. Àwa méjèèjì gba ọjà Ìtòkú lọ, a ra igbá mìíràn tó tóbi bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́. A fi èédú lílọ̀ àti epo pupa pa á lára, a gbé e sínú èéfín títí ojú wa fi pọ́n, a so ó rọ̀ síbi tí ti àkọ́kọ́ wà. Mo di ti àtijọ́ sínú àpò, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá bàbá mi kò ríran dáadáa mọ́, mo sì gbà pé ó parí náà nìyẹn. Òmùgọ̀ ni mí.

Ní ọ̀sán Ẹtì, ó jókòó sórí ẹní láti di igbá. Èmi àti ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gbé igbá náà sórí itan, ó fi ìka tọ ẹnu rẹ̀ yí po, ó gbóòórùn rẹ̀. Ìyá mi ń ṣa iyọ̀ tí kò dà sílẹ̀. Ìyá bàbá mi bi mí bóyá mo fọ̀ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, díẹ̀. Ó ní igbá wa náà nìyí? Mo ní òun ni mà. Irọ́ funfun báláú, lójú ẹni tó sọ mí lórúkọ! Ó gbé e sọ́wọ́ òsì, ó tún gbé e sọ́wọ́ ọ̀tún.

“Èyí wúwo,” ó ní. “Ti ìyá mi ti gbẹ fúyẹ́. Níbo ló wà?”

Mo rí i lójú ìyá mi pé ó fẹ́ sọ pé òun lòun fọ́ ọ. Ìyẹn ni mi ò lè fara dà. Mo dìde, mo lọ gbé àpò náà wá, mo jẹ́wọ́.

Ìyá bàbá mi fi àtàǹpàkò tọ ibi tó là, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò rí i kó sunkún rí, ó dùn mí wọra. Nínú ìpayà, mo ní ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn, ká kúkú sin ín. Ó ní onígbá ló ń pe igbá rẹ̀ ní pankara kí ọmọ aráyé tó fi kólẹ̀, òun ò sì tíì pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé ká gbé ti tuntun lọ. Ìyá bàbá mi ní èyí kò mọ ẹnikẹ́ni nílé yìí, ká sún ìgbéyàwó síwájú títí ẹni tó ń gán igbá yóò fi dé. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ní èmi fúnra mi máa gán an.

Ó gbé igbá náà lé mi lọ́wọ́. “Gán an. Ṣùgbọ́n tó bá jò lẹ́nu ọ̀nà wọn, o ò gbọdọ̀ fi aṣọ bò ó. Tí wọ́n bá bi ọ́, kí o dáhùn.”

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò ni mo fi lu ihò sí i, tí mo fi ìko rán an. Ó gún mi lọ́wọ́ títí. Ìyá bàbá mi ò ràn mí lọ́wọ́, ó kàn jókòó tì mí. Ojú ìrán náà wọ́ bí ipa ẹsẹ̀ adìẹ nínú eérú.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sìn mí dé ilé ọkọ mi ní Aké. Ìyá ọkọ mi kó ohun inú igbá jáde, ó bu omi sí i. Mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kó tó bẹ̀rẹ̀ dé ibẹ̀, omi ti ń kán sórí aṣọ òkè rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń kọrin dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kùn pé igbá fífọ́ fún ìyàwó tuntun kẹ̀. Ìyá ọkọ mi gbé igbá sókè, ó wo ìdí rẹ̀.

“Ta ló fọ́ ọ?”

Mo wo ọkọ mi, ilẹ̀ lòun ń wò.

“Èmi ni, mà. Èmi náà ni mo gán an.”

Ó tẹjú mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló da omi tó kù sí mi lẹ́sẹ̀, ó sì kọjú sí àwọn obìnrin ilé.

“Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ẹni tó bá fọ́ nǹkan, tó sì ní òun lòun fọ́ ọ, mo lè bá a gbélé.”

Orin tún bẹ̀rẹ̀, mo wọlé. Ní Ọjọ́ Ajé, mo bá ọkọ mi wọ rélùwéè.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ mí di ẹni iyì nílé wọn. Nígbàkigbà tí a bá ti Sáríà dé, tí nǹkan sọnù, tí àwọn ìyàwó ilé ń bá ara wọn jà, ìyá ọkọ mi á ní kí wọ́n lọ bi mí, pé èmi ò mọ irọ́ pa. Ó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Òtítọ́ ò tíì bá tèmi nílé ọkọ o. Nígbà tí àìsàn tó pa ìyá ọkọ mi dé, ó di ọwọ́ mi mú, ó tún sọ ọ́ fún àwọn tó wá kí i. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ fún un pé mo ti kọ́kọ́ purọ́ lórí ìkúnlẹ̀, pé díẹ̀ ló kù kó jẹ́ igbá ọjà ni ì bá fi fọ ẹsẹ̀ mi. Mo ní, “Ẹ ṣé, mà,” mo sì jẹ́ kó gbé ìgbàgbọ́ yẹn lọ sọ́run bẹ́ẹ̀.