Àtọ̀sí Ìyá Ìjọ

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá mi: àtọ̀sí. Ní ìlú wa, kí ìtọ̀ ṣáà ti máa ta èèyàn, àtọ̀sí ni wọ́n ń pè é, àìsàn oníṣekúṣe sì ni gbogbo ayé mọ àtọ̀sí sí. Bẹ́ẹ̀ opó ọdún mọ́kànlá ni ìyá mi, òun sì ni Ìyá Ìjọ wa ní Ìdèrè.

Tíṣà ni mí ní Èrúwà. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ara rẹ̀ ń gbóná, ó ń gbọ̀n, ó sì fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní ibà ni. Mo rí i tó lọ sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀mẹrin kí iṣu orí iná tó jinná, tó ń payín keke bọ̀.

"Mọ́mì, ṣé ìtọ̀ ń ta yín ni?"

"Rọra sọ̀rọ̀!" Ó wo ojú fèrèsé. "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà. Mo ti ra kápúsù méjì lọ́wọ́ oníkiri, mo ti lò ó."

"Kápúsù méjì péré! Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn ní Igbó-Ọrà."

"Kí n wá sọ pé ta ló kó o ràn mí? Bàbá ẹ tó wà nínú ilẹ̀?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí tà bíi tirẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí kì í mumi kó má bàa dìde, tó ń mú ìtọ̀ mọ́ra, kòkòrò ara tiẹ̀ lè wọ inú àpòòtọ̀ rẹ̀. Kò nílò ọkùnrin kankan. Tó bá sì gun kíndìnrín, ó lè gbẹ̀mí. Ó ní òun á gbààwẹ̀. Ààwẹ̀! Ẹni tí kì í mumi tẹ́lẹ̀! Tipátipá ni mo fi gbé e gun ọ̀kadà.

Ní ilé ìwòsàn, ta la bá lórí bẹ́ǹṣì? Obìnrin méjì nínú ìjọ wa. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó ń ṣe màmá. Èmi tí mo ti ń pariwo láti àárọ̀, èmi tíṣà, mo lanu, mo ní, "Ibà ni."

Ìyá mi wò mí. Ojú tì mí gan-an.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má dá a lóhùn," ni ó wí, kò sì rọra sọ ọ́. "Tí mo bá ń tọ̀, ó ń ta mí."

Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kó lo oògùn rẹ̀ tán pátá, bí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ ti yá. Kì í ṣe àtọ̀sí.

Bí a ti ń jáde, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì fa ìró ìyá mi.

"Ìyá Ìjọ, èmi náà. Ibà ni mo pè é fún wọn."