Ọjọ́ Tí Àwẹ̀ró Kúrò Lórí Fóònù Màmá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tójú mi rí ní Ìjẹ̀gùn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti gbìyànjú láti gbé e mì, kò lọ. Ẹ bá mi gbọ́ ọ, jàre.

Ṣé ẹ rántí iléeṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń bá èèyàn ra ṣíà lórí fóònù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ mọ̀ pé Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bọ̀dá Múfú, ọ̀gá mi, ló dá a sílẹ̀. Yàrá kan la fi bẹ̀rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Pleasure, lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀: àwa méjì, kọ̀ǹpútà kan, àti jẹnẹrétọ̀ tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju iná tó ń mú wá lọ!

Nígbà yẹn, a máa ń lọ bá àwọn oníṣòwò ní Ìkòtún, ká ṣàlàyé pé ẹni tó bá ra ṣíà ti di ọ̀kan lára àwọn tó ni iléeṣẹ́ ńlá. Ta ló fẹ́ gbọ́? Wọ́n ní ṣé kì í ṣe àwọn tó ń gbowó lónìí tí wọ́n á sá lọ lọ́la la jẹ́. Bọ̀dá Múfú á rẹ́rìn-ín, á ní oríkì ìyá òun lòun fi sọ iléeṣẹ́ yìí, ọmọ wo ló máa fi oríkì ìyá rẹ̀ jalè? Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún wa o. Ẹ kúkú mọ ohun tí oríkì jẹ́.

Iléeṣẹ́ wa dàgbà, a kó lọ sí Ẹgbẹ́dá. Bọ̀dá Múfú fi áàpù náà sórí fóònù ìyá rẹ̀, ó ra ṣíà díẹ̀ fún un, ó sì kọ́ ọ ní lẹ́tà orúkọ yẹn títí ó fi dá a mọ̀. Màmá ò lọ iléèwé rárá. Àwẹ̀ró nìkan ló mọ̀ ọ́n kà.

Àfi bí Bọ̀dá Múfú ṣe ṣubú lulẹ̀ ní ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ká tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n sin ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nílànà Mùsùlùmí. Ẹ mọ àṣà wa, òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Wọ́n mú Màmá wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Títí dòní, kò mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí.

Áàpù yẹn ló wá di ibi tó ti ń kí i. Tó bá kírun àárọ̀ tán, á ṣí i, á wo oríkì rẹ̀ tọ́mọ rẹ̀ kọ síbẹ̀, á ṣàdúà fún un. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí i nílé rẹ̀ ní Ìjẹ̀gùn, mo gbọ́ tó ń sọ fún fóònù pé, "Mo ti jí o, Múfútàù." Ńṣe ni mo jáde lọ sunkún.

Kò pẹ́ tí àwọn tó ti dá owó sí i, tí wọ́n bá Bọ̀dá Múfú jọ ni iléeṣẹ́ náà, tà á fún àwọn olówó kan ní Island. Àwọn yẹn láwọn fẹ́ orúkọ òyìnbó. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn iléeṣẹ́, torí èmi ni mo pẹ́ jù níbẹ̀. Mo kọ ọ́ tọkàntọkàn: Pleasure, Ìkòtún, Bọ̀dá Múfú. Ẹ gbọ́ o, ìtàn tí wọ́n gbé jáde, ọjọ́ tí wọ́n rà wá ló ti bẹ̀rẹ̀! Mo bi ọ̀gá tuntun pé Bọ̀dá Múfú ńkọ́. Ó ní ìtàn náà ti gùn jù. Gùn jù kẹ̀! Inú bí mi gan-an.

Gbogbo wa la fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún Màmá. A ní àgbàlagbà ni, ìbànújẹ́ rẹ̀ ti tó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúkọ tuntun ṣàdédé yọ lórí fóònù gbogbo èèyàn. Màmá pè mí pé òun ò rí Àwẹ̀ró mọ́. Mo gun ọ̀kadà lọ bá a nílé.

Ó na fóònù sí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi wá a. Bóyá mo tẹ ohun tí kò yẹ kí n tẹ̀."

Mo fẹ́ purọ́ pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Kò ṣeé ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un: títà, orúkọ tuntun, àti ìtàn tí ọmọ rẹ̀ ò sí nínú rẹ̀.

Màmá gba fóònù rẹ̀ padà. Ó wá ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi kí n má baà rí i. Èyí tí wọ́n tún sin yìí, ojú mi ló ṣe."

 

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá ra ilé lágbára láti kun ilé, ṣùgbọ́n àwa tá a wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ẹ̀yin náà, ta ló dá ibi iṣẹ́ yín sílẹ̀ tẹ́nì kan ò dárúkọ rẹ̀ mọ́? Ẹ kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀ níbí, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú: Múfútàù, ọmọ Àwẹ̀ró.